Yas Marina, 2022: Ìrìnàjò Ìdágbére fún Sebastian Vettel

Láti pápákọ̀ òfurufú Abu Dhabi dé erékùṣù Yas, tí ọ̀nà bá dá, takisí kì í lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Àárín ìlú ló jìnnà díẹ̀, ó tó ọgbọ̀n kìlómítà. Ẹni tó bá sùn sí Dubai yóò lo bíi wákàtí kan lójú títì, àmọ́ lọ́jọ́ ìje gan-an, kó yáa fi wákàtí kan mìíràn lé e. Ní òpin ọ̀sẹ̀ ìje ọkọ̀ Formula 1 ti Oṣù Kọkànlá 2022 yẹn, kò sídìí láti béèrè ẹni tí èrò ń lọ dágbére fún. Sebastian Vettel ni, awakọ̀ ọmọ Jámánì tó ti bá ẹgbẹ́ Red Bull, Ferrari àti Aston Martin sáré. Aṣọ ọrùn wọn ti sọ ọ́. Ẹni tó bá wọ aláró ti Red Bull ti wà lẹ́yìn Vettel láti ìgbà tó ń gba ife léraléra. Ẹni tó wọ pupa Ferrari pẹ̀lú nọ́ńbà 5 ti bá a jẹ ìyà láti 2015 sí 2020. Àwọn aláwọ̀ ewé Aston Martin ni wọ́n bá a kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lára pátákó tí gbogbo wọn gbé dání: “Danke Seb”, ìyẹn “A dúpẹ́, Seb” lédè Jámánì.

Ọjọ́ 28 Oṣù Keje ló kéde ìfẹ̀yìntì rẹ̀, nínú fídíò aláwọ̀ dúdú àti funfun tó gbé sórí Instagram, níbi tí kò tíì sí ẹni tó rí i rí. Ó ní òun fẹ́ ráyè fún ìdílé òun. Ìje ìkẹyìn wá bọ́ sí 20 Oṣù Kọkànlá. Ó kù díẹ̀ kó pé oṣù mẹ́rin láti fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, ibi ìjókòó sì lọ̀rọ̀ wà.

Ẹni tó bá fẹ́ wo ìje gidi, North Grandstand tàbí West Grandstand ni kó lọ. Láti North, kọ́nà karùn-ún tó ká kọ́rọ́kọ́rọ́, tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2021, ló máa wà níwájú yín. West wà níbi tí ọ̀nà gbọọrọ ti parí, tí ọkọ̀ tó ń sá ju 300 kìlómítà ní wákàtí kan lọ ti ń tẹ bíréèkì lójijì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya ara wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá dágbére, Main Grandstand ló yẹ ẹ́, ní iwájú gáréèjì àwọn ẹgbẹ́. Ìdí ni pé nígbà tí ìje bá parí, àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ló máa ń wá dúró síwájú èrò. Àwọn yòókù á gba ọ̀nà píìtì, ìyẹn ọ̀nà tó lọ sí gáréèjì, wọlé, ó parí. Vettel kò sì nírètí láti wà nínú àwọn mẹ́ta yẹn pẹ̀lú ọkọ̀ Aston Martin ti 2022. Bí wọ́n bá máa ṣe ayẹyẹ kankan fún un, iwájú Main Grandstand ni, níbi tí kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n pọ̀ sí jù. Ẹni tó wà ní North kò ní rí ju ọwọ́ tó jù sí wọn lọ nígbà tó ń rọra yí pápá ká lẹ́yìn ìje.

Kí ló dé tí Yas fi dára tó bẹ́ẹ̀ fún ìdágbére ọkùnrin yìí? Ní 2009 tí wọ́n kọ́kọ́ sáré níbẹ̀, òun ló gba ipò kìíní. Ní 2010, awakọ̀ mẹ́rin ló ṣì lè gba ife àgbáyé nígbà tí wọ́n dé Yas, Fernando Alonso, tó wà ní Ferrari nígbà náà, ló sì wà níwájú pẹ̀lú máàkì 246. Vettel ní 231. Alonso tètè wọ píìtì láti pààrọ̀ táyà nítorí àtiṣọ́ Webber, ọ̀kan lára àwọn mẹ́rin náà, ó jáde, ó sì há sẹ́yìn Petrov, awakọ̀ Renault. Pápá ìgbà yẹn kò gbà kí èèyàn kọjá, kò sì rí i kọjá títí ìje fi parí. Ipò keje ló ṣe. Vettel gba ìje, ó parí pẹ̀lú 256, Alonso 252. Kò tíì sí ọjọ́ kan lọ́dún náà tí Vettel fi ṣíwájú nínú tábìlì máàkì kó tó di ìrọ̀lẹ́ yẹn, ọmọ ọdún 23 péré sì ni. Ní 2011, táyà rẹ̀ jò ní kọ́nà kejì, ìje rẹ̀ parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní 2012, epo tó kù nínú ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìdíje ipò, èyí tí wọ́n fi ń mọ ibi tí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan á ti bẹ̀rẹ̀ ìje, kò tó lítà kan tí òfin ní kí wọ́n fi ṣàyẹ̀wò, ni wọ́n bá fagi lé àkókò rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì yàn kó ti ọ̀nà píìtì bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn gbogbo èèyàn. Ipò kẹta ló bá jáde níbẹ̀. Nínú gbogbo ìje rẹ̀ ní Yas, èyí la máa kọ́kọ́ fi han ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n, ká tó fi èyí tó gbégbá orókè hàn án. Ó tún wá gba ìje níbẹ̀ ní 2013.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ ìje 2022 náà, awakọ̀ Mercedes, Lewis Hamilton, ṣètò oúnjẹ alẹ́, gbogbo awakọ̀ ogún sì jókòó yí tábìlì kan ká fún Vettel. Àwọn ogún yẹn kì í sábà jẹun pọ̀. Fọ́tò náà dé ọwọ́ àwọn olólùfẹ́ lóru ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìdánrawò kìíní bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, èkejì ní aago márùn-ún. Ẹ má fi bẹ́ẹ̀ ka ti ọ̀sán sí. Oòrùn ń jó ọ̀dà, táyà ń gbóná jù, àkókò tí wọ́n sá kò sì jọ ti ìje tí wọ́n máa sá nírọ̀lẹ́. Ti aago márùn-ún ni kí ẹ wò. Fìlà àti omi ṣe pàtàkì lọ́sàn-án, nítorí Oṣù Kọkànlá níbẹ̀ ṣì ń sún mọ́ ọgbọ̀n lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nǹkan ìdíletí náà ṣe pàtàkì: ẹ́ńjìnnì V6 kò han tó V8 àtijọ́, àmọ́ ọkọ̀ ogún ní iwájú odi gáréèjì lè mú etí hó di ọjọ́ kejì. Ọmọdé nílò èyí tó bo gbogbo etí.

Àbámẹ́ta ni ìdíje ipò, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Vettel ṣe ìkẹsàn-án, ipò tó ju ohun tí ọkọ̀ náà sábà ń fún un lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó fi ẹsẹ̀ sáré yí pápá ká, kìlómítà 5.281, àwọn awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ oríṣiríṣi ẹgbẹ́ sì bá a sá a.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ti jókòó kó tó di aago mẹ́ta. Nǹkan bíi wákàtí méjì ṣáájú ìje ni wọ́n máa ń gbé àwọn awakọ̀ yí pápá ká díẹ̀díẹ̀ láti kí èrò. Fún ẹni tí kò bá rí ìjókòó Main Grandstand rà, àǹfààní tó dára jù nìyẹn láti rí ojú Vettel. Aago márùn-ún ni ìje, ìyípo 58, oòrùn sì wọ̀ ní nǹkan bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà. Akoto tí Vettel dé kún fún fọ́tò ojú àwọn olólùfẹ́ rẹ̀. Alonso náà dé èyí tó fi yẹ́ ẹ sí, ṣùgbọ́n omi jò lára ọkọ̀ rẹ̀, kò parí ìje.

Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n pààrọ̀ táyà fún Vettel. Àwọn tó pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ń bá a pẹ̀lú táyà tuntun, tirẹ̀ ti gbó. Ó parí ní ipò kẹwàá, lẹ́yìn Ricciardo, ó gba máàkì kan. Èyí dunni gan-an: Aston Martin àti Alfa Romeo parí ọdún pẹ̀lú máàkì 55 kan náà, Alfa Romeo sì gba ipò kẹfà nítorí ìkarùn-ún tí awakọ̀ wọn, Bottas, ṣe ní Imola, tó ga ju ipò èyíkéyìí tí Aston Martin ṣe lọ́dún náà. Máàkì kan sí i, ì bá ti yí i padà. Síbẹ̀ àwọn olólùfẹ́ tó ń dìbò dìbò fún Vettel gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn náà ló dé iwájú Main Grandstand, ó sì yí ọkọ̀ bí òkòtó. Jíà kìíní ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á yí ìdarí ọkọ̀ dé òpin, wọ́n á fún un níná, wọ́n á sì tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lójijì kí táyà ẹ̀yìn lè yọ̀. Bí iná bá kéré, ọkọ̀ á kàn wárìrì, á kú. Bí ó bá sì pẹ́ jù, ẹ́ńjìnnì á gbóná, nítorí rédíétọ̀ ọkọ̀ ìje kò ní fáànù, afẹ́fẹ́ eré ló ń tù ú, ọkọ̀ tó ń yí lójú kan kò sì rí afẹ́fẹ́ yẹn. Idi rèé tí ẹgbẹ́ kì í fi gbà á láàárín ọdún, tí ẹ́ńjìnnì kan náà ṣì máa sá ìje mìíràn. Òfin náà kò fẹ́ ẹ. Nígbà tí Vettel ṣe é ní Íńdíà ní 2013, lọ́jọ́ tó gba ife kẹrin, wọ́n bá a wí, wọ́n sì bu owó ìtanràn 25,000 Yúrò lé ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní Yas, kò sí ìje mìíràn tí ẹnikẹ́ni ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì fún. Èéfín táyà dìde lábẹ́ iná mànàmáná, funfun báláú, òórùn rọ́bà sì gba afẹ́fẹ́. Ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀, kó fi ìyára kámẹ́rà sí 1/500, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwòrán ọkọ̀ náà lè má mọ́.

Ẹ má sáré jáde. Ẹsẹ̀ kì í gbèrò lójú ọ̀nà bọ́ọ̀sì ní wákàtí àkọ́kọ́. Ẹ jókòó, kí ẹ kó ìdọ̀tí abẹ́ àga yín sínú àpò, nítorí ẹni tí ẹ wá dágbére fún yìí ló dúró lẹ́yìn ìje Silverstone ní 2021 tó ń bá àwọn òǹwòran ṣa ìdọ̀tí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n tún tan iná ọkọ̀ Aston Martin ní Yas fún ìdánwò táyà àti ọkọ̀. Alonso ló jókòó sínú rẹ̀.