Oògùn Méjì fún Ẹni Tí Ọtí Di Bárakú Fún

Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn kan ti ń dúró nídìí igbá alágbo, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n títí paraga yóò fi kan ọ̀fun wọn. Àìsàn gidi ni mo kà á sí. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n pè ní COMBINE, tí èsì rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2006, lára ènìyàn 1,383 tí ọtí ti di bárakú fún, àwọn kan lo oògùn naltrexone, àwọn kan oògùn acamprosate, tí wọ́n fi ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú ọtí, àwọn mìíràn méjèèjì pọ̀, fún ọ̀sẹ̀ 16. Naltrexone pẹ̀lú àbójútó oníṣègùn ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n acamprosate kò fi ìyàtọ̀ hàn sí oògùn òfìfo tí kò ní èròjà ìwòsàn nínú, àpapọ̀ wọn kò sì ju naltrexone nìkan lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe já ọtí gbà lójijì lọ́wọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láìsí dókítà nítòsí, nítorí gìrì lè tẹ̀lé e.