Camry Orobo: títún ilé kọ́kọ́rọ́ iginíṣọ̀n tó ti jẹ ṣe

Mọ́tò: Toyota Camry Orobo (1992–1996), tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, jíà ọ̀tọ́mátíìkì.
Ìṣòro: kọ́kọ́rọ́ ń wọlé wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò yí àfi bí a bá ń mì ín. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó ṣeé fà yọ.
Ibi tí iṣẹ́ dé: iginíṣọ̀n ti parí, ó ku ilẹ̀kùn awakọ̀.

Àyẹ̀wò kí a tó tú u

Ẹ kọ́kọ́ yí sitíárìn sọ́tùn-ún sósì díẹ̀ bí ọwọ́ kejì ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́. Bó bá ṣí báyìí, irin tó ń de sitíárìn ló há, ilé kọ́kọ́rọ́ ò jẹ̀bi. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ń yí geere àmọ́ tí iná kò tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, swíìṣì oníná tí síkúrù méjì mú mọ́ ẹ̀yìn ni kí ẹ wò; iṣẹ́ rewaya nìyẹn. Bí kọ́kọ́rọ́ kejì tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lò bá wà, ẹ fi dán an wò. Ti mọ́tò yìí kò ní èkejì, èyí tó wà sì jẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n gé lára ẹ̀dà, eyín rẹ̀ ti dán bí okúta odò.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú

Bárẹ́ẹ̀lì ni apá tó ń yí. Àwọn idẹ pẹlẹbẹ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní wéfà wà nínú rẹ̀, sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan sì ń tì wọ́n síta. Bí kọ́kọ́rọ́ tó tọ́ bá wọlé, gbogbo wéfà á fà sínú, orí wọn á dọ́gba pẹ̀lú ara bárẹ́ẹ̀lì, ìgbà náà ló tó lè yí. Eyín kọ́kọ́rọ́ ń jẹ, ibi tí eyín ń gbà nínú wéfà náà ń jẹ, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni méjèèjì sì ń jẹ sí. Ìdí nìyí tí wéfà kì í fi í fà wọlé tó mọ́, tí yóò ṣì yọ orí níbi tí sípíríǹgì ń tì í sí.

Ẹ̀rọ agékọ́kọ́rọ́ tó wà létí títì ń tẹ̀ lé eyín èyí tí ẹ gbé fún un ni. Eyín tó jẹ ni yóò gé fún yín, tuntun ló máa jẹ́ lójú lásán. Gígé e lẹ́ẹ̀kan sí i lára èyí tó ti jẹ kò lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí láéláé.

Títú u

Nọ́ńbà 10 ló ń tú orí bátìrì. Orí tó ní àmì ìyọkúrò (−) ni kí ẹ yọ. Airbag wà nínú sitíárìn, nítorí náà ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 90 ó kéré tán kí ẹ tó fọwọ́ kan ibẹ̀. A kò yọ sitíárìn fúnra rẹ̀ rárá. Síkúrù mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ ló mú ìbòrí rọ́bà líle tó yí ọ̀pá rẹ̀ ká.

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ACC, ibi tí rédíò ti ń ṣiṣẹ́ kó tó dé ON. Ihò kékeré kan wà lára ilé rẹ̀: ẹ ki sípóòkù kẹ̀kẹ́ bọ̀ ọ́, ẹ tẹ píìnì inú rẹ̀ wọlé, kí ẹ sì fa kọ́kọ́rọ́ síta. Ilé kọ́kọ́rọ́ á tẹ̀ lé e.

Torí ACC yìí ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró títí kọ́kọ́rọ́ á fi kọ̀ pátápátá. Bí kò bá lè yí dé ibẹ̀ mọ́, fífi dírìlì lu ún ló kù, tàbí yíyọ gbogbo irin tó dì í mú, bẹ́ẹ̀ bóòtù irin yẹn kì í ní orí tí sípánà lè mú.

Wéfà

Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, nítorí sípíríǹgì wọn tíntín, wọ́n sì ń fò. Wéfà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lára. Bí ẹ ṣe ń yọ wọ́n, ẹ tò wọ́n sórí séélótéèpù bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí. Àkọsílẹ̀ yẹn ni bí kọ́kọ́rọ́ náà ṣe rí nígbà tó jáde ní ilé iṣẹ́.

Ẹ fi bẹntiróòlù fọ̀ wọ́n, kí wọ́n gbẹ. Ẹ wá fi èékánná wọ́ ojú ihò inú wéfà: èyí tó bá ti ní kòtò tí èékánná ń kọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó ní nọ́ńbà kan náà. Ilé kọ́kọ́rọ́ Orobo tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí Gate n'Íbàdàn ni a ti máa ń rí i. Ẹ ra èyí tí kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ bá a wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ á ṣòro láti yọ láìbàjẹ́.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi fáìlì ha orí wéfà tó yọ síta dànù. Yóò yí lóòótọ́. Kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíràn náà á sì yí i.

Kọ́kọ́rọ́ tuntun

Nọ́ńbà tí ẹ kọ sílẹ̀ ni kí ẹ gbé lọ bá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi nọ́ńbà gé e. Kọ́kọ́rọ́ Orobo ti Amẹ́ríkà kò ní ṣíìpù, kò sí kọ̀ǹpútà kankan tí ẹ máa bẹ̀. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nítòsí, ẹ ki èyí tí wọn ò tíì gé bọ inú bárẹ́ẹ̀lì, kí ẹ máa fi fáìlì pẹlẹbẹ gé e díẹ̀díẹ̀ títí orí gbogbo wéfà á fi tẹ́. Sùúrù ló gbà: eyín tí ẹ bá gé jù kò ṣeé dá padà.

Dídá a padà

Láti mú inú rẹ̀ yọ̀, lúlúù gíráfáìtì (ohun dúdú inú pẹ́ńsùlù) díẹ̀ ti tó. Amọ̀ wà nínú ti pẹ́ńsùlù, èyí tí wọ́n ń tà bíi lúlúù ló dára jù. Gíríìsì àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á kó eruku ọyẹ́ jọ, yóò sì di ẹrẹ̀ nínú ibẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ wà ní ACC, ẹ tì í wọlé títí píìnì á fi dún. Lẹ́yìn náà ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò: ó gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ padà láti START sí ON, kò gbọdọ̀ yọ ní ACC tàbí ON, jíà gbọ́dọ̀ wà ní P kó tó lè yọ, sitíárìn sì gbọ́dọ̀ dè lẹ́yìn tó bá yọ. Tí kọ́kọ́rọ́ bá ṣì ń yọ ní ON, ẹ má wa mọ́tò náà jáde. Ẹ yọ ìdì kọ́kọ́rọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó ń rọ̀ mọ́ ọn náà.

Ó yí geere báyìí. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ṣì le díẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tuntun, wéfà ti òun náà ti jẹ. Ti ẹ̀gbẹ́ kejì kò ní wàhálà. Wéfà tó ṣẹ́ kù wà nínú ike, a ó kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mu.