Ọjọ́ Tí Mo Ṣe Upgrade Fún Ẹ̀wà

Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ ìyẹn ná.

Alẹ́ ọjọ́ Ajé kan ni, nínú oṣù Kẹrin ọdún 2023. Ó ku ọjọ́ méjì kí n lọ fi iṣẹ́ ìwádìí mi lórí irú ẹ̀wà méjì han Prof tó ń bójú tó mi. Iṣẹ́ ti parí. Mo ti jẹ ẹ̀bà, mo ti fọ abọ́, iná wà, dátà òru tí mo rà ṣì kù rẹpẹtẹ. Ibi tí ara ti tù mí yẹn ni nǹkan kékeré kan ti yọjú lórí laptop mi pé Ubuntu 20.04 ti wà o, ṣé kí á gòkè àgbà?

Ubuntu ni ètò tó ń darí laptop mi, bí Windows ṣe ń darí ti ẹlòmíràn. Ubuntu 18.04 ni mò ń lò nígbà náà. Lóòótọ́, ó ti gbó. Ìparí oṣù Karùn-ún ọdún yẹn gan-an ni àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe sí i máa dópin. Àmọ́ oṣù kan ṣì wà níwájú, ta ló ń lé mi? Dátà ló tàn mí jẹ. Dátà tó máa kú láago márùn-ún ìdájí ń wò mí lójú, mo bá ní kí n kúkú fi ṣe nǹkan gidi.

Ìbéèrè rẹ̀ pọ̀. Ṣé kí n yọ èyí? Ṣé kí n pààrọ̀ tọ̀hún? Fáìlì yìí, ṣé ti tẹ́lẹ̀ lo fẹ́ ni àbí tuntun? Oorun ti ń kùn mí, mo wá ń tẹ Enter bí ẹni ń ṣe Àmín níbi ìṣọ́ òru. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, èèyàn ò gbọ́ ohun tí pásítọ̀ ń wí mọ́, ẹnu ṣáà ń ṣe Àmín. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti máa ń dárúkọ ẹni tó máa dáná fún gbogbo ìjọ lọ́jọ́ Sunday, tí ẹni náà á ṣe Àmín tó rinlẹ̀ sí i.

Ilẹ̀ mọ́. Laptop dán gbinrin, ẹranko kan tí n ò mọ orúkọ rẹ̀ ń ranjú mọ́ mi láti orí sìkìrínì. Mo ṣí R, ètò ìṣirò tí mo ń lò, mo pe lme4, package (ìyẹn àfikún irinṣẹ́ tí èèyàn ń kó sínú R) tí mo fi ń ṣe ìṣirò oko ẹ̀wà mi. R ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo pe ggplot2 tó ń bá mi ya àwòrán, kò mọ òun náà. Ọdún mẹ́ta gbáko tí gbogbo wa ti jọ ń jẹ, tí a jọ ń mu!

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé inú fódà tó ń jẹ́ nọ́ńbà ẹ̀dà R ni R máa ń kó package oníkálukú sí. 3.4 ni tèmi. R tó bá Ubuntu tuntun wọlé, 3.6 ni, ó wá lọ ṣílẹ̀kùn 3.6, kò bá nǹkan kan níbẹ̀, ó ní ilé ṣófo. Ẹrù mi wà ní yàrá kejì níbẹ̀. Kódà ká ní ó yọjú síbẹ̀, kò ní lè lò wọ́n, torí láti R 3.5 ni wọ́n ti ní kí oníkálukú tún package tirẹ̀ kọ́.

Mo bá ní kó tún wọn kọ́. Yéè! Fáànù laptop bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹ̀rọ ata, ọ̀rọ̀ tí n ò lè kà ń sáré gba ojú sìkìrínì kọjá. 4GB péré ni RAM mi. Package yìí ní òun ò lè wá láìsí tọ̀hún, tọ̀hún ní àfi kí n lọ mú cmake, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ọ, wá. Bí ìwé ẹrù ìdána ló rí: o gbé iṣu dé, wọ́n ní orógbó dà; o rí orógbó, wọ́n ní owó àwọn ìyàwó ilé ńkọ́. Ó di wákàtí kẹta, nǹkan ti fẹ́ máa lójú, ni wọ́n mú iná lọ. Bátìrì mi kì í gbé ju ogún ìṣẹ́jú.

Mo gbé e lọ bá bọ̀ọ̀dá kan ní ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, Bọ̀ọ̀dá Linux la máa ń pè wọ́n. Gúgúrú àti ẹ̀pà ni wọ́n ń jẹ lọ́wọ́.

"Àbúrò, kí ló dé tó ò ṣe apt install r-cran-lme4?"

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ sà?"

"Wọ́n ti sè é sílẹ̀. Kó o bù ú jẹ ló kù."

Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ọwọ́ kan ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, èkejì ò kúrò nínú ẹ̀pà.

Mo sáré padà, mo tún iṣẹ́ mi ṣe látòkè délẹ̀. Kò sí pupa kankan, kò sí àṣìṣe. Orí mi wú. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo fi abẹ́rẹ́ dè é, mo lọ sùn.

Ẹ wò ó, Prof wa kì í rántí orúkọ èèyàn. Ọdún kejì tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yé pe mí lórúkọ ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde kí n tó dé. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà! Wọ́n ní ìwé pélébé kan tí wọ́n ń fi bírò pupa kọ ọ́ sí. Wọ́n ṣí ojú ewé kẹrin iṣẹ́ mi, wọ́n dákẹ́, wọ́n ṣí ìwé pélébé.

"Oṣù tó kọjá, o ní ìyàtọ̀ àárín ẹ̀wà méjèèjì, 0.12 sí 0.49 ni. Èyí tí mò ń wò yìí, 0.11 sí 0.50."

"Prof, mo ṣe upgrade ni sà."

Wọ́n wò mí láti òkè awò ojú wọn. "O ṣe upgrade fún ẹ̀wà? Lẹ́yìn ìkórè?"

Mo tọrọ àyè, mo jáde sí kọ́rídọ̀, mo pe Bọ̀ọ̀dá Linux pẹ̀lú ohùn ẹkún. Àṣé nǹkan tí mo fi ń wá nọ́ńbà yẹn, kọ̀ǹpútà á máa kiwọ́ sápò mú àbájáde oko jáde, á dá a padà, á tún mú òmíràn, títí ẹgbẹ̀wá ìgbà. Kó má bàa máa mú ohun ọ̀tọ̀ lójoojúmọ́, mo fi set.seed, àṣẹ tó ń sọ nọ́ńbà tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, dè é, bí ọ̀pẹ̀lẹ̀ tó jẹ́ pé ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá dà á, Ọ̀yẹ̀kú Méjì náà ni yóò máa yọ. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2019, nígbà tí R 3.6.0 jáde, wọ́n yí bí sample, àṣẹ tó ń bá R ṣa nǹkan, ṣe ń kiwọ́ sápò padà, torí ọwọ́ àtijọ́ ń ṣe ojúsàájú díẹ̀, pàápàá tí àpò bá tóbi gan-an. Nọ́ńbà set.seed mi ò yí padà o. Babaláwo ló yí padà.

Wọ́n ní kí n kọ RNGkind(sample.kind = "Rounding") sókè iṣẹ́ náà, kí R lè máa kiwọ́ sápò bíi ti àtijọ́. Mo kọ ọ́ lórí ìjókòó kọ́rídọ̀ níbẹ̀. R ṣe é, ṣùgbọ́n ó ń kùn, ó fi ìkìlọ̀ sílẹ̀ pé ọ̀nà tí mo ní kí òun gbà yìí ò dọ́gba. Èmi ò wo ìyẹn. 0.12 sí 0.49 ti padà wálé!

Mo gbé laptop wọlé tayọ̀tayọ̀. Prof gbọ́ gbogbo àlàyé mi, wọ́n ní, "Èwo ló dáa jù nínú méjèèjì?"

"Tuntun ni sà."

Wọ́n fi bírò pupa fa ti ìwé pélébé wọn rẹ́, wọ́n kọ tuntun. Gbogbo eré tí mo sá ní kọ́rídọ̀, òfo. Wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà ẹ̀dà R mi sínú iṣẹ́ náà, wọ́n wá nawọ́ sí igun ọ́fíìsì. Kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi àdìrẹ bò, tí mo ti rò látọjọ́ yìí pé ó ti kú. Wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Windows XP. Wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ ìwé mọ́ ọn: "KÍ ẸNIKẸ́NI MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN."

"Íntánẹ́ẹ̀tì ò mọ̀ pé eléyìí wà láyé," wọ́n ní.

Mo ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni laptop mi dún lórí tábìlì wọn. Àwa méjèèjì bojú wò ó. Ubuntu 22.04 ti wà o, ṣé kí á gòkè àgbà?

Prof nawọ́ jẹ́ẹ́, wọ́n pa á dé.