Ìdánwò nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń ṣètò ìdánwò yìí, ẹ má fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ní àdírẹ́sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì (nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀) kan náà. Wọn á wo ara wọn kọ ni. Nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò: ẹni tó ní 47 á gba 10.47.0.0/24, ìyẹn ìdìpọ̀ àdírẹ́sì 256, á pín in sí ìdìpọ̀ kéékèèké mẹ́rin tí à ń pè ní /26. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì 64, ṣùgbọ́n 62 péré ni ẹ̀rọ lè lò, torí a kì í fún ẹ̀rọ ní ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kọsẹ̀.

Nínú Packet Tracer (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àfarawé nẹ́tíwọ́ọ̀kì), ping àkọ́kọ́, ìyẹn ìsọfúnni tí ẹ̀rọ kan fi ń wò ó bóyá òun lè kàn sí òmíràn, sábà máa ń kùnà, torí ìlànà tí wọ́n ń pè ní ARP ṣì ń wá àdírẹ́sì MAC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀). Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí ìyẹn gé máàkì ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ ní kó tún un ṣe.

Iná lè lọ nígbàkigbà l'Abẹ́òkúta. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa tọ́jú ìdáhùn fúnra rẹ̀.