Ímeèlì Há Sínú Outbox? Ẹ Má Tíì Ra Dátà Kún Dátà

Bí ímeèlì bá ń lọ́ra láti jáde nílé yín, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò sọ fún yín ni pé kí ẹ ra dátà sí i, tàbí kí ẹ pààrọ̀ ráwútà. Ẹ ní sùúrù ná. Iṣẹ́ mi ní Òkè-Fìà níbí, ní Òṣogbo, ni kí n máa ya fọ́tò àdìrẹ àti bátíìkì fún àwọn tó ń ṣe é, kí n sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà wọn lókè òkun. Inú ímeèlì ni oúnjẹ mi wà.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fi yé mi ni pé ọ̀nà méjì ni íntánẹ́ẹ̀tì ní, èyí tó ń gbé nǹkan wọlé àti èyí tó ń gbé e jáde. Èyí tó ń wọlé ni wọ́n ń polówó fún wa. Èyí tó ń jáde sábà máa ń tín-ín-rín jù ú lọ, ibẹ̀ sì ni ímeèlì tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ ń gbà. Ìdí nìyẹn tí fíìmù fi lè máa lọ geere lórí tẹlifíṣọ̀n, tí lẹ́tà yín á sì jókòó pa sójú kan.

Ẹ kọ́kọ́ fi ímeèlì kékeré kan ránṣẹ́, "Ẹ káàsán" péré, láìso fáìlì kankan mọ́ ọn. Bó bá lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á jẹ́ pé fáìlì yín ló wúwo tàbí ọ̀nà àbájáde ló dí.

Fáìlì máa ń wúwo ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọ̀rọ̀ kíkọ lásán ni wọ́n ṣe SMTP fún, ìyẹn ètò tó ń gbé ímeèlì, tí Jon Postel kọ ìlànà rẹ̀ ní 1982. Kí fọ́tò tó gba ibẹ̀ kọjá, kọ̀ǹpútà ní láti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ kíkọ, báìtì 3 á wá di 4. Fọ́tò MB 20 á ti di nǹkan bíi MB 27 kó tó kúrò nílé. Bí ọ̀nà àbájáde yín bá ń gbé Mbps 1 (mégábíìtì kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan; bíìtì 8 ló sì wà nínú báìtì 1), ìyẹn á gbà ju ìṣẹ́jú 3 lọ, bí ẹnikẹ́ni ò bá bá yín dù ú.

Wọ́n á sì bá yín dù ú. Nílé wa, ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló máa ń burú jù. Àbúrò mi obìnrin á ti òde ìgbéyàwó dé, fídíò á kún fóònù rẹ̀ bámúbámú, kò tíì tú gèlè tí fóònù náà á ti rí Wi-Fi. Mo bi í léèrè ohun tó ń fi ránṣẹ́. Ó ní, "Bọ̀dá mi, mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án o." Òótọ́ ló sọ: Google Photos ló ń kó gbogbo rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀. Mo ní kó dá backup náà dúró ná, ímeèlì mi sì jáde kó tó parí àròyé ẹ̀. Ní báyìí, ìgbà tí a bá fẹ́ sùn ló ń tàn án.

Bí kò bá sẹ́ni tó ń lò ó, ẹ fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ ráwútà. Bó bá yá, Wi-Fi ló ń dà yín láàmú. Ẹ gbé ráwútà kúrò lẹ́yìn fíríìjì. Tó bá jẹ́ èyí tó ń lo síìmù, ẹ̀bá fèrèsé ló dára jù fún un.

Bí "Ẹ káàsán" pàápàá bá ń fà, inú ètò ímeèlì lórí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá rí port 25 níbẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí ímeèlì ń gbà jáde, ẹ sọ ọ́ di 587 tàbí 465, torí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló ń dí 25 nítorí àwọn oníjìbìtì. Antivirus tó ń yẹ gbogbo ohun tó ń jáde wò náà lè fà á.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá kọ̀ lẹ pe ilé-iṣẹ́ tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má kàn sọ pé "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa", wọ́n á ní kí ẹ pa ráwútà kí ẹ tún un tàn. Ẹ yẹ ìyára rẹ̀ wò láàárọ̀ àti lálẹ́ pẹ̀lú wáyà, kí ẹ ya àwòrán èsì rẹ̀, kí ẹ sì ka iye upload, ìyẹn ìyára ọ̀nà àbájáde, sí wọn létí.