Ẹ̀kúnwọ́ Erùpẹ̀ Kan
Kí n tó gbin ohunkóhun, mo máa ń bu erùpẹ̀ sọ́wọ́, mo á wọ́n omi sí i, mo á wá fún un pọ̀. Bó bá ń ha mí lọ́wọ́, tí kò dì, yanrìn ló pọ̀ jù. Omi kì í pẹ́ níbẹ̀. Èyí tí mo bá lè yí bí okùn, amọ̀ ni. Hóró amọ̀ kò tó mìlímítà 0.002, ti yanrìn lè tó 2. Àlàfo àárín hóró amọ̀ kéré gan-an, ìdí nìyẹn tó fi ń di omi mú.

Lọ́dún kan, mo kánjú ro ilẹ̀ amọ̀ nígbà tó ṣì tutù. Ó gbẹ, ó le bí òkúta, irúgbìn mi ò ríbi ta gbòǹgbò sí. Ó dùn mí púpọ̀. Ní báyìí, bó bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọkọ́, n kì í tẹ ibẹ̀ rárá.