Kí ọmọ tó ní àrùn tó ṣọ̀wọ́n tó wọ kíláàsì

Epidermolysis bullosa ni wọ́n bí mọ́ ọmọkùnrin mi. EB ni àwa tí à ń bá a yí máa ń pè é. Èròjà tó yẹ kó di ìpele awọ kan mọ́ èkejì kò pé lára rẹ̀, torí náà ojú rírán aṣọ lásán lè bó o lára, kó sì lé ròrò. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ oògùn níbí, dókítà á sọ ìyẹn fún yín. Ọ̀rọ̀ ilé ìwé àti ti ọkàn ni tèmi.

Ní Yúróòpù, àrùn tí kò bá mú ju ẹnì kan lọ nínú 2,000 èèyàn ni wọ́n ń kà sí àrùn tó ṣọ̀wọ́n, irú wọn sì ju 6,000 lọ. Tíṣà wo ló fẹ́ mọ gbogbo ẹ̀? Ẹ má retí pé orúkọ àrùn á ṣàlàyé ara rẹ̀. Ìwé tí wọ́n kọ fún wa ní ọsibítù kún fún ọ̀rọ̀ jíìnì, kò sì síbi tó ti sọ bí wọ́n ṣe máa gbé ọmọ náà tó bá ṣubú.

Ojú ìwé kan ṣoṣo ni mo kọ fún tíṣà rẹ̀. Ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lábíyá láti gbé e. Ẹ fọwọ́ kan gbé e nídìí, kí ìkejì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má lẹ pílásítà mọ́ ọn lára. Kò ràn, mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ìyẹn. Tó bá ń kọ̀wé, ọwọ́ á máa dùn ún, ẹ fún un láyè sí i nígbà ìdánwò tàbí kí ẹ jẹ́ kó fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́. Ìlà tó gbẹ̀yìn ló ṣe pàtàkì jù lójú mi: orí rẹ̀ pé, ẹ má fún un níṣẹ́ tó rọ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Báwọn èèyàn bá ti rí báńdéèjì, àánú á ṣe wọ́n, àánú yẹn sì lè gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ. Ọdọọdún la máa ń tún ojú ìwé náà kọ, torí ọmọ ń dàgbà.

Ní ti ohun táwọn ẹgbẹ́ ọmọ yín máa gbọ́, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bi. Ọmọ mi ní kí tíṣà má ṣàlàyé lẹ́yìn òun. Òun fúnra rẹ̀ ló yan ohun tó máa sọ, a sì fi dánra wò nílé: “Awọ mi máa ń tètè bó. Kò lè ràn ọ́. Ṣé ká máa yàwòrán wa lọ?”

Ẹ má dúró dìgbà tí nǹkan bá dàrú kí ẹ tó wá onímọ̀ nípa ọkàn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti dárúkọ àrùn náà ni kí ẹ ti béèrè. (Àwọn ará ilé á ní ṣé orí ọmọ yín yí ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.) Àsìkò pípààrọ̀ báńdéèjì ló ń bà wá nínú jẹ́ jù, ẹkún ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Obìnrin tó ń gbà wá nímọ̀ràn kò sọ fún un pé kò ní dùn ún. Ó ní kó máa yan ẹsẹ̀ tí a máa kọ́kọ́ tú, kó sì ní ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé tó bá ti sọ ọ́, gbogbo wa á dáwọ́ dúró. Ó ṣì ń dùn ún, àmọ́ kò sá pamọ́ mọ́.

Ẹ rántí àwọn ọmọ yín yòókù tí ara wọn le. Obìnrin tó ń gbà wá nímọ̀ràn yìí kan náà ni ẹ̀gbọ́n ọmọkùnrin mi, tó jẹ́ obìnrin, bi bóyá fífà tí òun fà á lọ́wọ́ nígbà tó wà ní kékeré ló fa àrùn náà. Kò bi mí rí.

Ẹ wá àwọn tí ọ̀rọ̀ yín jọ. DEBRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ní EB, bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1978, ó sì ti wà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Fún àwọn àrùn mìíràn, ẹ fi orúkọ àrùn yín wá a lórí Orphanet, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì nípa àwọn àrùn tó ṣọ̀wọ́n, tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1997. Àmọ́ kí ẹ tó máa ka ìtàn ẹlòmíràn lóru, ẹ bi dókítà ní irú èyí tó ń ṣe ọmọ yín gan-an. EB nìkan pín sí oríṣi mẹ́rin, òmíràn ò le tó òmíràn.